Ìjókòó Iwájú

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni mo tíì jókòó sí iwájú ọkọ̀ òfuurufú rí láyé mi, kì í sì í ṣe owó mi ni mo fi débẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ni. Mo ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ ka bébà níbi àpérò àwọn onímọ̀ èdè. Yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn yunifásítì wa ti ń ná owó yóò mọ̀ pé n kò retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe dé iwájú ni mo fẹ́ sọ, àti ẹni tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Mo ti sọ apá kìn-ín-ní ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́, a sì ti jọ fi rẹ́rìn-ín. Apá kejì ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo wà lórí ìlà ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà nígbà tí ọkùnrin kan tọ̀ mí wá. Agbádá ni mo wọ̀, mo sì fi gíláàsì sójú. Bóyá ìyẹn ni ó jẹ́ kí ó yàn mí láàrin ọ̀pọ̀ èrò tí ó wà níbẹ̀. Ó tẹríba, ó kí mi dáadáa, ó sì nawọ́ sí ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ létí ògiri.

‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìyá mi nìyẹn. Wọn kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Àbúrò mi obìnrin bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń lọ bá a wẹ ọmọ. Wọn kò gbọ́ èdè òyìnbó. Ẹ bá mi mójú tó wọn títí wọn yóò fi rí àbúrò mi lọ́hùn-ún.’

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Mo tilẹ̀ sọ ju ohun tí ó bèèrè lọ: mo ní ìyá rẹ̀ ti di ìyá mi. Màmá dìde. Ìró àti bùbá àdìrẹ ni ó wọ̀, ó sì ti fi súwẹ́tà lé e nítorí òtútù tí wọ́n ti ròyìn fún un. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ará Ìkìrun ni, ìdí àtẹ ẹ̀fọ́ ni ó sì ti tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ dàgbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ní, ‘Ọmọ mi, Ọlọ́run ni ó rán ọ sí mi.’

Nígbà tí ó kàn wá, ọmọbìnrin tí ó wà nídìí tábìlì wo ìwé ìrìnnà mi, ó wo ojú mi, ó sì kúnlẹ̀ níbi tí ó wà. Mo ti kọ́ ọ ní lítíréṣọ̀ alohùn ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú. Ó fi èmi àti Màmá sí ìjókòó méjì tí ó fara kan ara wọn. Èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn nìyẹn, à bá sì ti lọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a wọ ọkọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ yìí wá mi wá, ó sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú a máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ju iye ìjókòó tí ó wà lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé a kì í ṣàì rí ẹni tí kò ní í wá. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé gbogbo wọn ni ó yọjú, tí ẹ̀yìn kún àkúnya, tí àyè sì wà níwájú, wọn a ṣa ènìyàn díẹ̀ láti ẹ̀yìn, wọn a gbé wọn síwájú. Lọ́jọ́ náà, àárín ọkọ̀, níbi tí àwọn oníṣòwò ńlá ń jókòó sí, ti kún. Ìjókòó kan ṣoṣo ni ó kù, ó sì wà ní imú ọkọ̀, ní ibi tí wọ́n ń pè ní fáàsì kíláàsì.

‘Ẹ̀yin ni mo fi í fún, sà,’ ni ọmọbìnrin náà wí. ‘Ẹ kọ́ mi.’

Àwọn àgbà ní ọlá àbàtà ní í mú odò ṣàn, ọlá baba ọmọ ní í mú ọmọ yan. Lọ́jọ́ yìí, ọmọ ni ó mú bàbá yan. Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ó yẹ kí n sọ ní ìṣẹ́jú náà, ó tilẹ̀ dé orí ahọ́n mi: ‘Ẹ fi Màmá síbẹ̀, kí èmi lọ sẹ́yìn.’ N kò sọ ọ́. Mo rí àwíjàre kíákíá, bí ọ̀mọ̀wé ti ń rí i. Mo sọ fún ara mi pé Màmá kò gbọ́ èdè òyìnbó, ẹ̀rù yóò bà á níbẹ̀ láàrin àwọn àlejò. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ náà lè rí ìyọnu lẹ́nu iṣẹ́ bí a bá ń pààrọ̀ orúkọ. Mo sọ fún ara mi pé mo ní bébà láti kà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, oorun sì yẹ mí. Kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi lọ kò sí nínú wọn. Mo fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ti rí ni.

Mo padà lọ bá Màmá. Mo ní, ‘Màmá, wọ́n ní kí n wá jókòó níwájú.’

Ó wo ojú mi. Ó ní, ‘Ṣé kò sí nǹkan, ọmọ mi? Ṣé kì í ṣe pé ìwé rẹ ní àléébù?’

‘Kò sí nǹkan, mà. N óò máa wá wò yín.’

‘Ó dáa. Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú rẹ.’

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo bá níwájú. A kò ju mẹ́rìnlá lọ ní gbogbo ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè náà ìbá gba ìlọ́po mẹ́rin wa bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ahéré lóko, ó ní ògiri kékeré tirẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra rárá ni wọ́n ti gbé ṣáńpéènì wá nínú ife onígíláàsì, pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ tí a ti rẹ sínú omi gbígbóná. Wọ́n fún mi ní aṣọ ìwọ̀sùn, sálúbàtà, àti báàgì kékeré kan tí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ìpara wà nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n sì gbé oúnjẹ wá nínú àwo tánganran, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì: ọbẹ̀ olómi, ẹja, ẹran àgùntàn, wàràkàṣì àti èso. Lẹ́yìn oúnjẹ, obìnrin tí ó ń tọ́jú wa sọ ìjókòó mi di ibùsùn tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó gbé ìrọ̀rí lé e. Nítorí pé iwájú ẹ̀rọ ọkọ̀ ni a wà, ariwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ìgbà tí ó bá bá mi sọ̀rọ̀ ni ó ń fi ‘Dókítà’ ṣáájú orúkọ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò dá orúkọ náà mọ̀ mọ́ bí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Kì í ṣe ojú òfuurufú ni pípín èrò sí ipò ipò ti bẹ̀rẹ̀. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni àwọn ará ibí ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa: ipò kìn-ín-ní, ipò kejì, ipò kẹta. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, láàrin ọdún 1970 sí 1980, ìyá mi a máa mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo lọ sí Ìbàdàn. Orí bẹ́ǹṣì onípákó ní ipò kẹta ni a máa ń jókòó sí, láàrin agbọ̀n adìẹ àti àpò gààrí. Ọkọ̀ ojú omi Aureol, tí ó ń ná Èkó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1951 títí di ọdún 1974, ní ipò tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìrìn àjò tí Aureol ń fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì rìn, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú ń fi rìn ín. Ènìyàn ìbá rò pé bí ìrìn ti kúrú tó yìí, wàhálà ipò yóò dínkù. Ó tún pọ̀ sí i ni. Láti nǹkan bí àárín ọdún 1990 sí 2000 ni ìjókòó tí ń di ibùsùn ti wọ iwájú ọkọ̀. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ Singapore Airlines gbé yàrá onílẹ̀kùn wọnú ọkọ̀ A380. Ní ọdún 2008, Emirates fi ilé ìwẹ̀ sínú tirẹ̀, kí olówó lè máa wẹ̀ lókè àwọsánmà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti yọ fáàsì kíláàsì kúrò nínú ọkọ̀ wọn, nítorí pé ibùsùn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará àárín. Bí ohun tí ẹni iwájú ní bá ti dé ọwọ́ ẹni tí ó tẹ̀ lé e, kò dùn mọ́.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó kí ẹnìkan. Yorùbá ni mí. Kò sí ipò tí ènìyàn lè wà tí a kò ní ìkíni fún. A ń kí ẹni tí ó jókòó, a ń kí ẹni tí ó dìde, a ń kí ẹni tí ó ń rìnrìn àjò, a ń kí ẹni tí ó ń retí èrò. Ọkùnrin kan wà ní ìjókòó tí ó kọjú sí tèmi, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ilà wà lójú rẹ̀. Mo ní, ‘Ẹ kú ìrìn àjò o. A ó gúnlẹ̀ láyọ̀.’ Ó mi orí díẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì kan. Ògiri kékeré tí ó wà láàrin wa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí n kò fi rí i mọ́. N kò rò pé ó fẹ́ tàbùkù mi. Ohun tí ó san owó fún ni ó ń lò.

Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí ronú lórí ohun tí a ń pè ní ọlá. Lọ́dọ̀ tiwa, ènìyàn ni aṣọ. Bí ọlọ́lá bá ń lọ sí òde, a óò mọ̀ nípa iye ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e: onílù ń bẹ níwájú, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn, ìyàwó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò sì bá wọn jẹun ní ibi tí wọ́n bá dé. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwa dé. Ọlá tí wọ́n ń tà ní iwájú ọkọ̀ òfuurufú yàtọ̀ sí èyí. Ibẹ̀, bí owó rẹ bá ti pọ̀ tó ni ènìyàn tí ó sún mọ́ ọ yóò ti dínkù tó. Ìdáwà gan-an ni ọjà tí wọ́n pàtẹ. Ọtí àti ibùsùn wulẹ̀ jẹ́ èènì rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òǹkàwé kan yóò dá mi dúró níhìn-ín. Yóò ní, ‘Ṣé àwa náà kò ní aṣọ ìkélé tiwa?’ Òótọ́ ni. Adé ìlẹ̀kẹ̀ ní ìbòjú tí kì í jẹ́ kí mẹ̀kúnnù rí ojú ọba. Láyé àtijọ́, Aláàfin kì í ṣàdédé jáde sí gbangba àyàfi ní àwọn ọjọ́ ọdún pàtàkì. A ní ẹrú, a ní ìwọ̀fà, a sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó sórí ẹní kan náà pẹ̀lú wa. N kò ní í parọ́ pé gbogbo wa dọ́gba kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé. Ohun kan ṣoṣo ni mo lè sọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìbòjú náà ni gbogbo ìlú ń gbé ẹjọ́ lọ. Ebi ìlú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ogun ìlú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ọba tí ó bá sì fi ìbòjú sá fún ìlú, ìlú mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọba. Aṣọ ìkélé tí ó wà lẹ́yìn mi lóru ọjọ́ náà kò di ẹrù kankan lé mi lórí. Ẹrù tí mo ní, èmi ni mo ti fẹnu ara mi gbà á ní Ìkẹjà.

Mo rántí rẹ̀. Nígbà tí a ti fò fún nǹkan bíi wákàtí méjì, tí Aṣálẹ̀ Sàhárà wà nísàlẹ̀ wa láìsí iná kan, mo dìde nínú sálúbàtà tí wọ́n fún mi, mo gba àárín kọjá, mo sì dé ibi aṣọ ìkélé tí ó wọ́ sílẹ̀ láàrin àwọn àti ẹ̀yìn. Mo ṣí i díẹ̀. Ooru ara ènìyàn ni ó kọ́kọ́ pàdé mi, lẹ́yìn náà ariwo: ọmọ ń ké, ẹnìkan ń húkọ́, ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ kún ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó àwo oúnjẹ dí ọ̀nà níwájú mi. N kò rí Màmá. Bí mo bá dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ̀kẹ́ náà yóò kọjá. N kò dúró. Mo jẹ́ kí aṣọ náà bọ́ lọ́wọ́ mi, mo padà.

Kì í ṣe pípadà náà ni ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ìtura tí ó bá mi bí mo ti yíjú padà ni. Ẹ̀yìn tí mo ti ń jókòó sí láti ìgbà tí mo ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí n kò rí àléébù rẹ̀ rí, ó ti di ibi tí mo ń sá fún láàrin wákàtí méjì. Mo dùbúlẹ̀, mo fa kúbùsù bo ara mi, mo sì sùn.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí a balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwa ará iwájú sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró dè é níbi tí ọ̀nà ti yà sínú ilé. Àwọn oníṣòwò kọjá, lẹ́yìn náà ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde, ojú wọn wú, aṣọ wọn rún. Màmá wà láàrin wọn. Ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ni ó bá a gbé báàgì rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan di apá rẹ̀ mú nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Obìnrin kan tí ó gbé ọmọ ọwọ́ ń dágbére fún un, ó ń pè é ní Ìyá Àgbà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ọmọ náà ń ké, Màmá gbà á, ó kọrin fún un, ọmọ náà sì sùn lórí itan rẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Mo tún gbọ́ pé kò mọ bí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀, ó sì ti mú un mọ́ra fún ìgbà pípẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Ọmọ náà ni ó bá a kọ ọ̀rọ̀ kún káàdì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ́wọ́ àlejò nígbà náà. Èmi ni ó yẹ kí n ṣe gbogbo èyí.

Bí ó ti rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, ‘Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti fi ọ́ sílẹ̀? Àánú rẹ ni ó ń ṣe mí ní gbogbo òru. Mo ní wọn kò jẹ́ kí o tilẹ̀ yọjú. Mo bi ọmọ yìí bóyá wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n pè síwájú lóúnjẹ, ẹ̀rín ni ó ń rín.’

Ó ti ọwọ́ bọ àpò súwẹ́tà rẹ̀, ó mú búrẹ́dì roboto kan jáde, tí ó ti fi bébà ìnuwọ́ wé. Ó ní, ‘Mo fi í pamọ́ dè ọ́.’

Akẹ́kọ̀ọ́ náà wò mí. Ó wo báàgì kékeré tí ó wà lọ́wọ́ mi, èyí tí wọ́n fún mi níwájú. Ó mọ ohun tí ó jẹ́. Kò sọ̀rọ̀. Mo fi báàgì náà sábẹ́ agbádá mi, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gba búrẹ́dì náà, mo sì dúpẹ́. Orí ìlà àwọn tí wọ́n ń yẹ ìwé wọn wò ni mo ti jẹ ẹ́. Ó ti le. Mo jẹ ẹ́ tán, nítorí pé Màmá ń wò mí.

Nígbà tí a jáde, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń dúró dè é. Màmá nawọ́ sí mi, ó ní, ‘Ọkùnrin yìí ni Ọlọ́run rán sí mi.’ Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ títutù, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ó dìde. Mo ní kò tó ọpẹ́. Wọ́n rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Màmá ti di ẹni ilẹ̀ ní ọdún 2018. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ya ilé rẹ̀ ní Ìkìrun kí ó tó kú, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ó sì bi mí bóyá wọ́n tún pè mí síwájú nínú ọkọ̀. Mo ní rárá. N kò sọ fún un pé kì í ṣe ìyà ni mo jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síhìn-ín.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí iwájú ti rí, n kò ní í purọ́ fún un. Oúnjẹ ibẹ̀ dára. Ibùsùn ibẹ̀ tẹ́. Oorun tí mo sùn lóru ọjọ́ náà dùn. Òun gan-an ni ó ń dùn mí títí di òní.